Ọ̀gá Pátápátá àti Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Tí Kò Gbọ́ Linux

Ẹ fà mọ́ra díẹ̀, kí ẹ sì ká ẹsẹ̀ yín kúrò lọ́nà, torí ọkùnrin tí ìtàn yìí dá lé kì í gba ibi tóóró kọjá. Ikùn rẹ̀ á ti wọlé tán, òun fúnra rẹ̀ á ṣì wà níta. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ti sọnù tipẹ́. Ọ̀gá Pátápátá ni wọ́n ń pè é, òun náà ló sì fi orúkọ yẹn ta ara rẹ̀ lọ́rẹ. Olórí Ọ́fíìsì Ìwé-Ẹ̀rí ni, níbi tí wọ́n ti ń kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún àwọn òbí rẹ̀. Iṣẹ́ kékeré ni lójú ẹni tó bá ń ṣe é. Lójú ẹni tí kò ṣe é rí, tó kàn jókòó lé e lórí, iṣẹ́ ńlá ni.

Láago mẹ́jọ àárọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ á tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ìgò lórí pẹpẹ. Ọ̀gá á yọ, bàtà rẹ̀ á máa dún kò-kò-kò. Á dúró láàárín wọn, á gbójú sókè bí ẹni tó ń ka pátákó òrùlé, á wá bèèrè pé:

"Báwo ni ọgbọ́n mi ṣe rí lónìí?"

"Ó ju tàná lọ, sà!"

"Tọ̀la ńkọ́?"

"Á pa wá, sà!"

Nígbà yẹn ni yóò tó wọlé. Akọ̀wé rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀-ni-Sà, á gbé báàgì tẹ̀ lé e, á máa fẹ́ atẹ́gùn sí àga kí Ọ̀gá tó jókòó sórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í sọ nínú ilé yẹn. "Rárá" ni. Odidi ọdún mẹ́fà tí Ọ̀gá ti dé, etí kankan kò gbọ́ ọ níbẹ̀. Bí iná bá ń jó ilé, tí Ọ̀gá sì ní òtútù ń mú òun, wọn á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ẹ jẹ́ ká wá aṣọ fún yín."

Ẹnì kan ṣoṣo ló wà lórí ìlà yẹn tó máa ń mi ètè láìgbé ohùn jáde. Ìyá Ẹ̀rọ ni wọ́n ń pè é, torí òun ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà mọ́kànlá tó wà nílé náà. Ọdún kọkàndínlógún rẹ̀ rèé lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí kòkòrò kọ̀ǹpútà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo wọn tán, obìnrin yìí ló fi ọjọ́ mẹ́rin jókòó tì wọ́n, tó nù wọ́n mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì fi Linux sínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ Linux, ẹ fara balẹ̀: ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ni, òun ló ń sọ fún un bí yóò ṣe gbọ́ràn àti bí yóò ṣe dáhùn. Láti ọjọ́ náà, kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀ kò húkọ́ mọ́.

Ohun tó wá dá wàhálà sílẹ̀ ni pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ kú. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ló gbé bébà mì, tó kọ̀ tí kò pọ̀ ọ́, tó sì dákẹ́. Kó tó di ọ̀sán, àwọn òbí ti tò dé ẹnu géètì. Bíríkìlà kan wà láàárín wọn, sìmẹ́ǹtì wà léèékánná rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ọ̀hún sì ní àwọn kò gba ọmọ tí kò ní ìwé ọjọ́ ìbí.

"Mo ní ọmọ ọ̀hún rèé, ó ń wò yín," ni bíríkìlà sọ. "Wọ́n ní àwọn ò rí i."

Ìyá Ẹ̀rọ kó kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ sínú àpò, ó kọrí sí ṣọ́ọ̀bù. Kò wo ẹwà, kò wo gíga. Ó ní kí oníṣọ́ọ̀bù tú àwọn ẹ̀rọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ki wáyà bọ̀ wọ́n nídìí, ó ń tẹ bébà kan jáde, ó ń da òmíràn kọ, ó sì ń gbé ìwé kan lé ojú gíláàsì wò bóyá yóò wọ inú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Oníṣọ́ọ̀bù fọwọ́ lérán. "Ìyá Ẹ̀rọ, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni, àbí ẹ fẹ́ fi ọmọ fún un? Ẹ ò ṣáà tíì bi í léèrè bàbá rẹ̀."

"Má dá mi lóhùn. Gbogbo wọn ló ń ṣẹnu pé àwọn mọ iṣẹ́ mẹ́ta: ìtẹ̀wé, ìdàkọ, àti síkáànù tó ń gbé àwòrán ìwé wọ kọ̀ǹpútà. Bó bá kan síkáànù, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ wọn ti ń ya òpùrọ́."

Òótọ́ ló sọ. Mẹ́fà ló dán wò. Mẹ́ta kò tilẹ̀ dá Linux lóhùn rárá. Méjì tẹ̀wé dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tó kan síkáànù, wọ́n di odi. Ìkẹfà, ẹ̀rọ kékeré aláwọ̀ eérú kan tí kò tóbi ju páálí bàtà méjì lọ, ló ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìkùn. Ìyá Ẹ̀rọ fọwọ́ pa á lórí. Ó kọ irú ẹ̀rọ náà sórí ìwé kan, ó gbé e lọ síwájú Ọ̀gá.

Ọ̀gá Pátápátá fi ìka méjì gbá etí ìwé náà mú bí ẹni gbé òkú eku. "Kí lèyí?"

"Ẹ̀rọ tó yẹ wá ni, sà. Kì í ṣe ńlá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ti Linux."

"Ta ni Linux?"

"Òun ló ń darí gbogbo kọ̀ǹpútà wa, sà—"

"Darí!" Ọ̀gá dìde. Àga náà bá a dìde, torí ó há mọ́ ọn nídìí. "Ẹnì kan ń darí nǹkan nínú ọ́fíìsì mi, èmi ò sì mọ̀ ọ́n?"

"Sà, kì í ṣe èèyàn—"

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe èèyàn! Èèyàn gidi á ti wá kí mi! Ọdún mélòó ló ti lò níbí?"

"Mẹ́ta, sà, àmọ́—"

"Ọdún mẹ́ta! Kò tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rí! Kò yin ọgbọ́n mi rí!"

Bẹ́ẹ̀-ni-Sà mi orí títí fìlà rẹ̀ fi ṣí. "Àfojúdi gbáà ni, sà. Ara ti ń fu èmi náà sí i tipẹ́."

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ìyá Ẹ̀rọ la ẹnu lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti ṣàlàyé, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè pé òun ti gbọ́. Ẹni tó ti gbọ́ tán, ta ló lè sọ nǹkan fún un?

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kọ kúẹ́rì fún Linux. Kúẹ́rì ni ìwé tí ọ̀gá fi ń bi òṣìṣẹ́ léèrè ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá pè é, Bẹ́ẹ̀-ni-Sà fọwọ́ kọ ọ́:

"Ìwọ Linux. Ó ti dé etígbọ̀ọ́ wa pé láti ọdún mẹ́ta ni o ti ń darí kọ̀ǹpútà mọ́kànlá láìgbàṣẹ, láìkí Ọ̀gá, láìtò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àti láìbá wọn rẹ́rìn-ín sí àwàdà Ọ̀gá, bí àwàdà náà ti dára tó. Láàárín wákàtí méjìdínláàádọ́ta, sọ ìdí tí ojú rẹ kò fi gbọdọ̀ winá."

Wọ́n gbé e síwájú kọ̀ǹpútà tó dàgbà jù nínú wọn. Ọjọ́ méjì kọjá. Linux kò fèsì.

"Ẹ wo ìgbéraga," ni Ọ̀gá wí. "Ó ka ìwé mi, ó dákẹ́!"

Ló bá fún Linux ní tíráńsífà. Ẹ̀ka Kejìlá ló gbé e lọ, ilé kan lẹ́yìn ìlú tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí, tí eku ti ń ka fáìlì ju òṣìṣẹ́ lọ. Ó ní kí Ìyá Ẹ̀rọ fojú ara rẹ̀ rí i pé Linux dé ọ̀hún. Kí lobìnrin náà ìbá ṣe? Ó di kọ̀ǹpútà tó dàgbà jù yẹn sínú ọmọlanke, ó bá a dé ibẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó tàn án wò, ó padà sídìí mẹ́wàá yòókù tí Linux ṣì wà nínú wọn.

"Ṣé ó ti dé ibẹ̀?"

"Ó ti wà níbẹ̀, sà."

"Ṣé ó sunkún?"

"Kò sunkún, sà."

"Ọ̀dájú ni."

Bí wọ́n ti lé Linux tán, Ọ̀gá ní òun alára ni yóò yan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Òun àti èèyàn mẹ́sàn-án ló ya bo ṣọ́ọ̀bù. Ó gba iwájú ẹ̀rọ kékeré aláwọ̀ eérú kọjá, ó pòṣé. Ó dúró níwájú ọ̀kan tó ga tó fíríìjì, tí gíláàsì dúdú wà láyà rẹ̀. Ojú ara rẹ̀ ló rí nínú gíláàsì náà, lódindi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti gbogbo rẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnì kan, ẹ̀rọ náà kọrin. Omi lé ròrò lójú Ọ̀gá.

"Èyí mọ ọ̀gá tó bá rí i," ló wí.

Oníṣọ́ọ̀bù, tí kì í ṣe èèyàn burúkú, rọra sún mọ́ ọn. "Sà, ẹ má bínú o. Àwọn tó ṣe eléyìí kò fi èdè Linux sí i nínú."

"Linux ti gba tíráńsífà!"

Ọkùnrin náà wo Ìyá Ẹ̀rọ. Ìyá Ẹ̀rọ wo ilẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù bá lọ mú okùn tí wọn yóò fi dì í.

Wọ́n fọ́ férémù ilẹ̀kùn ọ́fíìsì kí ẹ̀rọ náà tó wọlé. Ọ̀gá ní kí àwọn òṣìṣẹ́ tò, kí wọ́n kí i káàbọ̀. Wọ́n kí i. Ìgbà náà ni Ìyá Ẹ̀rọ jáde lórí ìlà.

"Sà, mo bẹ̀ yín, ẹ dá a padà. Ẹ̀rọ yìí ò ní bá kọ̀ǹpútà wa sọ̀rọ̀. Fọ́tòkọ́pì nìkan ló máa lè dá ṣe."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí ológbò ń rín sí eku.

"Ìwọ lo mú Linux wọlé, àbí? Ó dára. Lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀, Alábẹ̀wò Àgbà ń bọ̀ láti olú ọ́fíìsì wá ṣí ẹ̀rọ yìí. Bí kò bá tẹ̀wé lọ́jọ́ náà, ìwọ ni kí o di ẹrù rẹ. Ọdún mọ́kàndínlógún ti tó fún èèyàn kan láti máa sọ̀rọ̀."

Ẹ wá wò ó. Ẹni tó ní kí wọ́n má rà á ni yóò tún gbé ẹ̀bi rẹ̀ rù lọ sílé.

Ọkọ Ìyá Ẹ̀rọ ń gbẹ́ ọ̀rọ̀ sára idẹ, irú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kàn mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn àwọn ènìyàn ńlá. Nígbà tí aya rẹ̀ wọlé nírọ̀lẹ́, tó jókòó láìbọ́ bàtà, ọkùnrin náà ń fẹ́ eruku idẹ kúrò lára iṣẹ́ kan.

"Ìyàwó mi, gbọ́ mi. Ọ̀gá yín wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lónìí."

"Kí ló wá ṣe?"

"Ó ní kí n gbẹ́ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n máa kàn mọ́ ẹ̀rọ ńlá. Mo ní, 'Sà, ṣé kí n kọ ọ́ pé ẹ̀yin àti àwọn òṣìṣẹ́ yín lẹ jọ yàn án?' Háà! Ó fò sókè. Ó ní òṣìṣẹ́ wo? Ó ní òun nìkan ni. Ló bá pe ọ̀rọ̀ tó fẹ́ fún mi, mo sì ń kọ ọ́ bó ṣe pè é."

"Ṣé o sọ fún un pé ọkọ mi ni ọ́?"

"Kò bèèrè. Ṣé ó ń bèèrè nǹkan ni?" Ó na idẹ náà sí i. "Kà á."

Ìyá Ẹ̀rọ kà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Kò rẹ́rìn-ín, torí iṣẹ́ rẹ̀ ló ń rò. Ṣùgbọ́n ó bọ́ bàtà.

"Gbẹ́ ẹ kó jìn," ló wí.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi bá ẹ̀rọ ńlá jà. Ó wá gbogbo ibi tí èèyàn ti ń wá nǹkan, ó pààrọ̀ wáyà, ó bẹ̀ ẹ́, ó bú u. Ẹ̀rọ náà ń ṣẹ́jú sí i, ó ń kọrin. Ní ọ̀sán ọjọ́rú, ó padà sọ́dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù.

"Yá mi ní kékeré yẹn, ọjọ́ kan péré."

"Ẹ máa gbé e lọ, Ìyá Ẹ̀rọ. Láti ọjọ́ tí ẹ ti dán an wò ni kò ti sí ẹlòmíì tó wò ó."

Ó gbé e sábẹ́ tábìlì rẹ̀, ó fi ìborùn bò ó bí ọmọ tó sùn.

Ọjọ́bọ̀ dé. Alábẹ̀wò Àgbà wọlé: obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fi okùn so awò ojú kọ́ ọrùn, tí kò sọ̀rọ̀ ju kí ó dúpẹ́ àga lọ. Wọ́n ní kí àwọn òbí tó ń dúró níta wọlé wá pàtẹ́wọ́. Bíríkìlà wà níwájú wọn, òun àti ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá dúró láàárín yàrá, aṣọ pupa kan bo pẹlẹbẹ idẹ tó wà láyà rẹ̀, torí òpin ètò ni wọ́n fi ṣíṣí rẹ̀ sí.

Ọ̀gá gun orí àpótí. "Ẹ̀yin ènìyàn mi," ló bẹ̀rẹ̀, "kí wọ́n tó bí mi, bébà ò mọ ibi tó ń lọ. Wọ́n ń kọ̀wé nígbà náà, òótọ́ ni, àmọ́ ta ló ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìran? Mo rí ẹ̀rọ yìí láàárín ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ, ó sì rí mi. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú wa. Ọlọ́gbọ́n kì í pariwo fún ọlọ́gbọ́n."

"Á pa wá, sà!" ni àwọn òṣìṣẹ́ dáhùn, torí wọn kò mọ ibi tó yẹ kí wọ́n ti dáhùn.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé fọ́tò ara rẹ̀ lé ojú gíláàsì, ó ní kí ẹ̀rọ da ogún kọ. Ìka rẹ̀ sanra ju bọ́tìnì lọ, òdo méjì ló wọlé dípò ẹyọ kan, ogún di igba. Ẹ̀rọ kọrin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ Ọ̀gá: Ọ̀gá kan, Ọ̀gá méjì, Ọ̀gá mẹ́wàá, gbogbo wọn fúnnu pọ̀ bákan náà. Àtẹ́wọ́ sọ.

"Ó dára," ni Alábẹ̀wò wí. "Ẹ wá tẹ ìwé-ẹ̀rí kan jáde láti inú kọ̀ǹpútà kí n rí i. Ẹ fi ti ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀."

Ìyá Ẹ̀rọ jókòó. Ó mú orúkọ ọmọ bíríkìlà jáde. Ó tẹ bọ́tìnì. Ọ̀rọ̀ kan hàn lójú kọ̀ǹpútà, Alábẹ̀wò tẹ̀ síwájú, ó kà á sókè: "Kò sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí mo mọ̀ níbí."

"Tún un tẹ̀!" ni Ọ̀gá pariwo. Ó tún un tẹ̀. Kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ẹ̀rọ ńlá ní tirẹ̀ ń bá iṣẹ́ lọ. Àwo rẹ̀ ti kún, Ọ̀gá ti ń dà sílẹ̀.

Ọ̀gá na ìka sí Ìyá Ẹ̀rọ. "Obìnrin yìí ni! Òun ló yan ẹ̀rọ yìí! Ó tàn mí, Mà! Èmi ò tilẹ̀ dá sí i! Mo ti ní kó di ẹrù rẹ̀, lónìí náà ni yóò lọ!"

Ìyá Ẹ̀rọ bojú wo aṣọ pupa náà.

Alábẹ̀wò tẹ̀ lé ojú rẹ̀. "Kí ló wà lábẹ́ aṣọ yẹn?"

"Kò sí nǹkan kan, Mà!" Ọ̀gá sáré lọ fi ikùn dí i, ṣùgbọ́n fọ́tò tó wà nílẹ̀ ti pọ̀. Ojú ara rẹ̀ ló tẹ̀, ojú ara rẹ̀ ló yọ̀ lórí rẹ̀, gbàlà! Bó ti ń ṣubú ló di aṣọ pupa mú, tó sì bá a wálẹ̀. Òun alára ló ṣí pẹlẹbẹ náà, bó ti wà nínú ètò.

Alábẹ̀wò gbé awò ojú wọ̀, ó kà á díẹ̀díẹ̀:

"Èmi Ọ̀gá Pátápátá ni mo yan ẹ̀rọ yìí. Èmi nìkan ni. N kò gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni, pàápàá ti obìnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà, ẹni tó bẹ̀ mí pé kí n dá a padà."

Ẹ̀rọ ńlá ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ: Ọ̀gá àádóje, Ọ̀gá mọ́kànléláàádóje.

"Linux ló fà á!" ni Ọ̀gá ké láti ilẹ̀. "Ó ti dìtẹ̀ mọ́ mi! A ní fáìlì rẹ̀!"

Bẹ́ẹ̀-ni-Sà, tó rò pé ohun rere lòun ń ṣe, sáré gbé fáìlì náà wá. Alábẹ̀wò ka kúẹ́rì. Ó ka tíráńsífà. Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún kà wọ́n.

"Ìyá, ta ni Linux?"

Ìyá Ẹ̀rọ ṣàlàyé. Kò pé ìṣẹ́jú kan, torí kò sẹ́ni tó gbé ọwọ́ sókè pé òun ti gbọ́.

Ẹ̀rín kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ọmọ bíríkìlà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gba gbogbo yàrá kan. Ọ̀gá yíjú sí akọ̀wé rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín: "Sọ fún wọn! Ṣé èmi kọ́ ni mo gbọ́n jù níbí?"

Bẹ́ẹ̀-ni-Sà la ẹnu. Ẹnu náà wárìrì bí ilẹ̀kùn tí wọn kò ṣí fọ́dún mẹ́fà.

"Rárá, sà," ló wí. Ó sì fọwọ́ bo ẹnu, bí ẹni pé eyín rẹ̀ ló bọ́.

Ìyá Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣí ìborùn, ó gbé ẹ̀rọ kékeré aláwọ̀ eérú jáde. Ó ki wáyà bọ̀ ọ́. Kò kọrin. Ó kàn tẹ̀wé. Bíríkìlà fi ọwọ́ méjèèjì gba ìwé tó ṣì ń gbóná náà, ó wo ọmọ rẹ̀, ó tún wo ìwé.

"Ọdún méje," ló wí. "Àṣé òní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ẹ."

Ìwé kejì tó jáde lára ẹ̀rọ kékeré náà, Alábẹ̀wò ló ní kí wọ́n kọ ọ́. Ó ní kí Ìyá Ẹ̀rọ dúró sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n ra ẹ̀rọ tó yàn. Ó ní kí Ọ̀gá Pátápátá máa lọ sí Ẹ̀ka Kejìlá, kó lọ bá òṣìṣẹ́ tó fi ránṣẹ́ síbẹ̀.

Ó lọ. Láago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Ẹ̀ka Kejìlá, ó gbójú sókè, ó bèèrè pé, "Báwo ni ọgbọ́n mi ṣe rí lónìí?" Eku kan dá ìwé jíjẹ dúró, ó wò ó, ó tún ń bá iṣẹ́ lọ.

Ọ̀gá wọlé, ó jókòó. Kò sẹ́ni tó fẹ́ atẹ́gùn sí àga. Kọ̀ǹpútà àgbà kan wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Ó wò ó títí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tẹ bọ́tìnì rẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà jí, ó ronú díẹ̀, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan sójú ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí Ìyá Ẹ̀rọ ti kọ́ gbogbo wọn láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn pé kí wọ́n máa fi kí ẹni tó bá jókòó tì wọ́n:

"Ẹ káàbọ̀."

Ọ̀gá Pátápátá rọra dìde. Ó ṣí fìlà.

"Ẹ ṣeun, sà," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí kúẹ́rì yẹn."